Ẹnubodè Ni Àṣẹ Wà: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Àjèjì Ṣe Ń Wọ Kánádà

Físà Kánádà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kàwé ní Kánádà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu, nítorí físà yẹn ni gbogbo ilé ti gbààwẹ̀ lé lórí, òun ni wọ́n gbé lọ dúpẹ́ nílé ìjọsìn, òun ni ẹlòmíì torí rẹ̀ ta ilẹ̀. Iṣẹ́ kan ni físà ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú gba èèyàn, kí ó sì gbé e dé ẹnubodè. Ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, èyí tí ọmọ yóò fi gbé ìlú náà, tí yóò fi jókòó ní kíláàsì, tí yóò fi ṣiṣẹ́ gba owó, ẹnubodè ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, lọ́jọ́ tó bá balẹ̀ gan-an, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí kò rí i rí.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn èèyàn wa fi ń múra de físà. Ìdúró níwájú òṣìṣẹ́ yẹn ni wọn kì í múra dè, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà ni yóò máa darí ọdún méjì tàbí mẹ́rin tó ń bọ̀, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ka ìwé ọ̀hún títí di ọjọ́ tí wàhálà bá dé.

Ilé iṣẹ́ ìjọba méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. IRCC ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ wá gbé ní Kánádà. Láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń yẹ ìwé ìbéèrè wò, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. CBSA ni àjọ àwọn aṣọ́bodè. Àwọn ló dúró sí pápákọ̀ òfurufú àti sí ẹnubodè orí ilẹ̀. Bí IRCC bá ti fọwọ́ sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, Benin tàbí Tógò, nǹkan méjì ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Físà ni àkọ́kọ́. Èkejì ni lẹ́tà tí a kọ sí aṣọ́bodè pé a ti yẹ ọ̀rọ̀ ẹni yìí wò, ìwé àṣẹ tọ́ sí i. Lẹ́tà yìí náà kò tíì di ìwé àṣẹ, ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Òfin sì gba aṣọ́bodè láyè láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Bí ohun tó rí lójú bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fáìlì, ó lè kọ̀.

Nítorí náà, inú báàgì ọwọ́ ni kí àwọn ìwé wà, kí wọ́n má ṣe sí nínú àpótí tó wọ ikùn bàálù. Pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà sí aṣọ́bodè, lẹ́tà ìgbaniwọlé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rí owó, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti san, àti àdírẹ́sì ibi tí ọmọ yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà, nítorí ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ fi gègé sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó lè wọlé. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú lẹ́yìn ìrìn àjò wákàtí ogún kò lè fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, lẹ́tà ìgbaniwọlé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Físà máa ń pẹ́. Ọmọ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lóṣù kẹsàn-án lè má rí físà gbà títí di oṣù kọkànlá, ilé ẹ̀kọ́ á sì sún un sí oṣù kìn-ín-ní. Títí dé ibẹ̀, kò sóhun tó burú. Àmọ́ bí ó bá dé Tòróńtò ní ìparí oṣù kejìlá pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ pé oṣù kẹsàn-án ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀, aṣọ́bodè á bi í léèrè ibi tó ti wà láti ìgbà náà. Kí ó gba lẹ́tà tuntun tó gbé ọjọ́ tuntun lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì mú ti tẹ́lẹ̀ náà dání. Àyẹ̀wò ara tí dókítà ṣe fún un náà ní oṣù 12 péré láti gbé. Ẹni tí wọ́n bá sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ wo ìyẹn pẹ̀lú.

Owó ńkọ́? Títí dé òpin ọdún 2023, dọ́là Kánádà 10,000 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní láti fi hàn pé òun ní fún oúnjẹ àti ilé fún ọdún kan, yàtọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó ọkọ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n sọ ọ́ di 20,635. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 2025, ó di 22,895. Bí náírà ṣe rí lásìkò yìí, owó tó ń fọ́ ìdílé ni, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mi ò mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe: wọ́n á yá owó sínú àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á gba ìwé báńkì, wọ́n á dá owó padà fún olówó. Aṣọ́bodè lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí owó lọ́jọ́ tí ọmọ bá balẹ̀. Bí àkáǹtì bá ti gbẹ nígbà náà, ọmọ yẹn nìkan ni yóò dúró síbẹ̀ láti ṣàlàyé, bàbá tó ṣètò owó àyálò ti wà nílé l'Ékòó.

Àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó kúrò nílé. Ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú á tú pásípọ́ọ̀tù wò dáadáa, nítorí ilé iṣẹ́ tó bá gbé èrò tí ìwé rẹ̀ kò pé dé Kánádà lè san owó ìtanràn, òun náà ni yóò sì gbé èrò náà padà. Àwọn ènìyàn wa máa ń gba Addis Ababa, Istanbul, Frankfurt, Amsterdam tàbí London kọjá. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú bá mú gba Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní físà Amẹ́ríkà, kódà bí kò bá ní jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú wọn. Ẹ béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ìlú tí ọkọ̀ bá ti máa dúró kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ pé ìlú mìíràn ni ilé ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tó ń lọ sí Winnipeg, Saskatoon tàbí St. John's, tó sì kọ́kọ́ balẹ̀ ní Pearson ní Tòróńtò, Pearson ni yóò ti rí aṣọ́bodè. Ibẹ̀ náà ni yóò ti gba ẹrù rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó tún fi í lé ọkọ̀ kejì lọ́wọ́. Ìparí oṣù kẹjọ àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún tuntun ni èrò máa ń pọ̀ jù, nítorí ìgbà náà ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí. Wákàtí méjì láàárín ọkọ̀ méjì kò tó rárá nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Èmi á ní kí ẹ fi wákàtí márùn-ún sílẹ̀, bí tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ wọ́n sí i díẹ̀. Ọmọ tó ń ronú nípa ọkọ̀ tó fẹ́ já a sílẹ̀ kì í ní sùúrù láti ka ìwé tí wọ́n bá fún un, ìwé kíkà yẹn sì ni mò ń bọ̀ wá dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí èrò máa ń bá pàdé ni àwọn ẹ̀rọ tó tò lọ rẹrẹ nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀rọ náà á ka pásípọ́ọ̀tù, á ya fọ́tò ojú, á sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìka lé gíláàsì, kí ó lè fi wé ìtẹ̀ka tó ti fún wọn nílé nígbà tó san dọ́là 85 fún un. Ìtẹ̀ka yẹn ń lo ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rọ náà á tún béèrè ohun tó wà nínú ẹrù: ọtí, sìgá, oúnjẹ, owó, ohun ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ lè dáhùn àwọn ìbéèrè yìí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 72 tó ṣáájú ìgúnlẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, dandan ni lílo ArriveCAN, áàpù ìjọba Kánádà fún àwọn tó ń wọlé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2022, kò pọn dandan mọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, aṣọ́bodè kan á dúró ní iwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọ wa, ibí yìí ni kí ẹ ti la ẹnu: ẹ sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, pé ẹ wá gba ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló yẹ kí ọmọ há sórí kí ó tó kúrò nílé. Aṣọ́bodè yẹn ń dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lóhùn, ó lè rí físà, kí ó lu òǹtẹ̀, kí ó sì ní kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá bá àwọn èrò yòókù jáde lọ síta láìyà sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ti wọ Kánádà bí àlejò lásán. Kò ní ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá sì béèrè rẹ̀ ni yóò tó mọ̀ pé nǹkan ti bọ́ sọ́nù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí gbogbo ìwé wọn pé pérépéré.

Kí n tó wọ ọ́fíìsì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹrù, nítorí àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí ọmọ lọ lọ́wọ́ òfìfo. Gààrí, èlùbọ́, egúsí lílọ̀, ata gígún, edé, ẹja gbígbẹ: gbogbo rẹ̀ ló ń gba ibodè kọjá lójoojúmọ́. Ẹja àti edé tó kìlógíráàmù 20 ni wọ́n fàyè gbà fún ẹnì kan. Ẹran ni wọn kò fẹ́. Kílíṣí, pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́, ẹran díndín tí ìyá fi òróró bò sínú ike, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Àwọn kan rò pé ìkà ni, tàbí pé wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú oúnjẹ wa. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹran gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá sì dé oko ẹran ọ̀sìn tí kò sí àrùn náà, wọ́n lè ní láti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran dànù. Iṣu tàbí igi èyíkéyìí tí erùpẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ lára kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí kòkòrò inú erùpẹ̀.

Bí ohun kan kò bá dá yín lójú, ẹ sọ pé ẹ gbé e. Ẹni tó bá kéde ohun tí wọn kò gbà, wọ́n á gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dà á nù, ó sì parí síbẹ̀. Ẹni tó dákẹ́, tí wọ́n wá bá a nínú àpótí rẹ̀, lè san ìtanràn tó dọ́là 1,300, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn pé kò sọ òótọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Bákan náà ni owó. Dọ́là Kánádà 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ owó pépà tàbí ìwé owó báńkì, kí èèyàn kéde rẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀, àìkéde rẹ̀ ló ń mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Oògùn tí dókítà kọ, nínú páálí rẹ̀ gan-an ni kí ó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àgbo inú ìgò tí kò ní àkọlé yóò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ohun tí àgbo jẹ́.

Ó wá kan ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n. Ìjókòó wà níbẹ̀, ìlà wà níbẹ̀, ìdúró náà sì lè pẹ́. Nígbà tó bá kan ọmọ, aṣọ́bodè á gba pásípọ́ọ̀tù àti lẹ́tà rẹ̀, á máa wo kọ̀ǹpútà, á sì máa béèrè: Ilé ẹ̀kọ́ wo lò ń lọ? Kí lo fẹ́ kà? Ọdún mélòó ni? Ta ló ń san owó? Níbo lo máa gbé? Ṣé o ti wá rí? Ìbéèrè tó rọrùn ni gbogbo rẹ̀, àyàfi fún ẹni tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé ìbéèrè rẹ̀. Àwọn aṣojú tó ń gba owó láti báni ṣe ìwé máa ń kọ àlàyé gígùn nípa ìdí tí ọmọ fi yan ẹ̀kọ́ kan, ọmọ náà kì í sì kà á. Bí aṣọ́bodè bá wá béèrè ìdí tí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó l'Ékìtì fi fẹ́ wá kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ìtura, ọmọ á máa wò. Ìdáhùn wà nínú fáìlì, kò sí lẹ́nu rẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ka ìwé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó wọ bàálù.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dẹ́rù bà wọ́n: ṣé o máa padà sílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́? Wọ́n ti kọ́ àwọn kan nílé pé kí wọ́n búra pé àwọn kò fẹ́ fi Kánádà ṣe ilé láéláé, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló wà lọ́kàn gbogbo ìdílé. Kò yẹ kí ọmọ purọ́ lórí èyí. Òfin ìgbélùú Kánádà ti ọdún 2001 sọ ọ́ ní tààrà, ní abala 22, pé ẹni tó ní i lọ́kàn láti di olùgbé títí láé lè wọlé fún ìgbà díẹ̀ náà, bí aṣọ́bodè bá ti gbà pé yóò jáde nígbà tí àkókò tí wọ́n fún un bá pé. Ìdáhùn tó bá òtítọ́ mu, tó sì bá òfin mu, ni pé: mo wá kàwé, mo máa pa òfin inú ìwé mi mọ́, bí ọ̀nà mìíràn bá ṣí lẹ́yìn náà, ọ̀nà tó tọ́ ni màá gbà. Aṣọ́bodè tún lè ní kí òun wo fóònù. Ọmọ tó ní òun wá kàwé, tí ọ̀rọ̀ tó wà lórí WhatsApp rẹ̀ sì jẹ́ kìkì ètò iṣẹ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ti fi ẹnu ara rẹ̀ tako ara rẹ̀.

Irọ́ tó gba ibodè kọjá kò di òtítọ́. Ní 2023, ariwo ta lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Íńdíà tí wọ́n ti wọ Kánádà, tí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ, tí ọ̀pọ̀ wọn tiẹ̀ ti kàwé jáde, kí wọ́n tó gbọ́ pé ayédèrú ni lẹ́tà ìgbaniwọlé tí aṣojú fi gba físà fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rárá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún yẹn ni IRCC ti ń bi ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ léèrè nípa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yẹ ìbéèrè wò. Ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó tan ìjọba jẹ, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ kọ ìméèlì sí ilé ẹ̀kọ́ yín fúnra yín láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ yín, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn tó bá ń lọ sí Quebec, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá láti Benin àti Tógò tí wọ́n ti gbọ́ Faransé láti ilé, gbọ́dọ̀ ní ìwé ìfọwọ́sí ti ìjọba Quebec pẹ̀lú, tí wọ́n ń pè ní CAQ. Aṣọ́bodè ní Montréal á béèrè rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tẹ́ aṣọ́bodè lọ́rùn, á tẹ ìwé náà jáde. Bébà ńlá kan ni, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà F, wọ́n sì sábà máa ń fi pín-ìn-nì mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù. Aṣọ́bodè á ní ẹ káàbọ̀, á nawọ́ sí ẹni tó kàn. Ibí yìí gan-an ni kí ọmọ dúró sí. Kí ó kúrò lójú ìlà díẹ̀ bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kí ó má kúrò nínú ọ́fíìsì yẹn. Kí ó ka ìwé náà. Èèyàn ló tẹ̀ ẹ́, ó ti ń tẹ irú rẹ̀ láti òwúrọ̀, àṣìṣe sì lè wọ inú rẹ̀. Aṣọ́bodè tó ṣì wà níwájú rẹ lè tún un tẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí o bá ti jáde, fọ́ọ̀mù ni wàá máa kọ sí IRCC, wàá sì dúró de èsì bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dúró.

Kí ni kí ó wò? Orúkọ àti ọjọ́ ìbí, kí wọ́n bá ti pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Àwọn orúkọ wa gùn, òmíràn sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: Oluwaseun lè di Oluwa níbì kan, Seun níbòmíràn, orúkọ ìdílé sì lè bọ́ sí àyè orúkọ àbísọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tí ìwé náà máa parí. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní iye ọjọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú 90 ọjọ́ lé e lórí. Bí ẹ̀kọ́ ọdún méjì bá wá gba ìwé oṣù mẹ́wàá, kí ó béèrè ìdí rẹ̀. Nígbà míì, pásípọ́ọ̀tù ló fà á: ìwé àṣẹ kò lè pẹ́ ju pásípọ́ọ̀tù lọ. Ọmọ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ku ọdún kan kí ó parí yóò gba ìwé ọdún kan, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rin. Nílé ló yẹ kí èèyàn ti yanjú èyí, kí ó gba pásípọ́ọ̀tù tuntun kí ó tó béèrè físà.

Apá ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí wọ́n kọ àwọn àdéhùn sí, ni mo fẹ́ kí ojú ọmọ pẹ́ sí jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ó lè ṣiṣẹ́ tàbí kò lè ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yẹ lè ṣe iṣẹ́ wákàtí 24 lọ́sẹ̀ níta ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí kíláàsì ń lọ. Bí gbólóhùn tó fún un láyè láti ṣiṣẹ́ kò bá sí nínú ìwé náà, Service Canada, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní nọ́ńbà SIN tí òṣìṣẹ́ fi ń gba owó, kò ní fún un ní nọ́ńbà náà, láìsí SIN, kò sí agbanisíṣẹ́ tó lè san owó oṣù fún un lọ́nà tó bófin mu. Ìlà kan tí aṣọ́bodè gbàgbé láti tẹ̀ lè sọ ọmọ tó gbójú lé owó iṣẹ́ fún oúnjẹ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Bí ìlà náà kò bá sí, kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, mi ò rí ibi tó ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nínú ìwé mi." Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ dáadáa pé kí wọ́n má ṣe já àgbà nírọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aṣọ́bodè yẹn kò ní bínú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún irú rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó bá mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání gbọ́dọ̀ ka ìwé ti olúkúlùkù wọn bákan náà, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni àdéhùn inú wọn.

Ìgbà míì, aṣọ́bodè kì í tẹ nǹkan kan. Ó lè ní kí ọmọ padà wá lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú ìwé tó kù, ó lè gbà á láyè kí ó yí padà lọ sílé fúnra rẹ̀, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n lé e. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí jìnnà síra wọn, nítorí àṣẹ ìlé-ni-jáde máa ń di àkọsílẹ̀ tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ògbufọ̀, kí ó má sì fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e.

Bí ó bá ti gba ìwé tó péye, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fọkàn tán nílé, kí ó tó wá ẹrù rẹ̀ lọ. Kí ó má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí kíláàsì yóò fi bẹ̀rẹ̀; ìwé náà kò gba iṣẹ́ láyè ṣáájú ìgbà náà, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ńbà SIN tí yóò gbà máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9, nọ́ńbà àwọn tó wà fún ìgbà díẹ̀, kí ó má ṣe fi han onílé tàbí ẹnikẹ́ni tó bá kàn béèrè. Bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, láti oṣù kọkànlá 2024, ó gbọ́dọ̀ béèrè ìwé àṣẹ tuntun, nítorí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ti wà lára ohun tí wọ́n so ìwé náà mọ́.

Kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá ṣe Kérésìmesì tàbí Iléyá nílé, kí ó tún pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣí wò. Ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ ń fún un láyè láti wà ní Kánádà, kò fún un láyè láti tún wọlé bí ó bá ti jáde. Físà ni wọ́n fi ń wọlé, físà òmíràn sì máa ń parí kí ìwé àṣẹ tó parí, tàbí kí ó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè béèrè físà tuntun láti inú Kánádà níbi tó wà, kí ó sì dúró títí yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó kó ẹrù. Bí ó bá ti jáde láìgbà á, ìdí ìbéèrè físà ní Èkó ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀, kíláàsì oṣù kìn-ín-ní kò sì ní dúró dè é.